Àtọ̀gbẹ, Ẹsẹ̀, àti Ẹ̀rí Méjì Tí Ìyá Ṣadé Jẹ́

Bí ẹ bá pàdé bàbá arúgbó kan ní Mowe tó kọ́kọ́ wo bàtà yín kó tó wo ojú yín, ẹ má bínú sí i. Èmi ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni mí, àmọ́ kì í ṣe ọmọ ilé ìwé ni mo kọ́. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àìsàn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ni mo kọ́ ní àwọn ilé ìlera kéékèèké, láti Ifọ dé Ibafo, títí mo fi dé Mowe níbí.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa tó ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ ti ń bi mí bóyá irú iṣẹ́ yìí dára. Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Mo lè sọ bó ṣe rí.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Ìjọba ìbílẹ̀ ń wá ẹni tó lè ṣàlàyé àìsàn fún aráàlú, wọ́n ní kí tíṣà tó bá fẹ́ wá, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ sì lọ. Owó oṣù kò pọ̀, kì í sì í tètè wá, ṣùgbọ́n a jẹun, àwọn ọmọ sì kàwé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ifọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, sábẹ́ Mátírọ̀n kan. Obìnrin kúkúrú ni, fìlà nọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń funfun báláú. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wò báyìí á ti mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá àwọn aláìsàn lẹ́kọ̀ọ́, mo ya àwòrán inú ara ènìyàn sójú bọ́ọ̀dù, mo fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi kùn ún, mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ geere. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ti Ibogun wá ń hanrun níjòókòó iwájú.

Mátírọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Tíṣà, ta lò ń kọ́?"

"Àwọn aláìsàn ni, mà."

"Irọ́. Bọ́ọ̀dù lò ń kọ́. Bọ́ọ̀dù ò sì ní àtọ̀gbẹ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jí bàbá tó ń sùn, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó ní, "Ṣé wọ́n ti ń pín oògùn ni?"

Mátírọ̀n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó dá a padà. Ìtọ̀ ló ní kí n máa sè. Bí a ṣe ń yẹ ṣúgà wò láyé ìgbà náà nìyẹn: a ó bu omi oògùn aláwọ̀ búlúù sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó kán ìtọ̀ sí i, a ó sì gbé e sórí iná fìtílà kékeré. Bí ó bá wà ní búlúù, kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, ó ti ń bọ̀. Bí ó bá pọ́n bíi bíríkì, ọ̀rọ̀ ti di kí a pe dókítà. Aṣọ mi ń rùn débi pé ìyàwó mi ní ẹ̀yìnkùlé ni kí n ti máa bọ́ ọ.

"Àwọ̀ wo ni, Tíṣà?"

"Ó fẹ́ pọ́n, mà."

"Kò sí 'ó fẹ́' níbí. Ó pọ́n ni àbí kò pọ́n?"

Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo bínú sí i nígbà náà. Mo wá mọ̀ nígbà tó yá pé ẹni tí kò bá lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí gan-an, kò yẹ kó máa sọ fún ẹlòmíràn bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìtọ̀, ó gbé mi lọ sídìí wíwo ẹsẹ̀. Mátírọ̀n ní òfin kan: aláìsàn kì í jáde láìjẹ́ pé a ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí kò rọrùn láàárín àwa Yorùbá. Àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé dojú kọ àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Bàbá àgbẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yarí pátápátá.

"Mátírọ̀n, ìtọ̀ mi lẹ ní ṣúgà wà nínú rẹ̀. Kí ni ẹsẹ̀ mi wá ṣe? Tíṣà ọmọlúàbí á wá kúnlẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wo bàtà. Bàtà kì í tijú."

Ó bọ́ bàtà káńfáàsì rẹ̀ fún mi tìbínú-tìbínú. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi sì ba èkùrọ́ kan níwájú. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Mo nà án sí bàbá. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára ni, bàbá?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n lára, ṣé màá máa tẹ̀ ẹ́ láti oko dé ibí? Ṣé orí mi ló dà rú ni?"

Kò tún yarí mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé mi lórúnkún fúnra rẹ̀. Ọjọ́ náà ni ohun tí mo ti kà nínú ìwé wá yé mi. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ tó sì pẹ́, á máa ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, ti ẹsẹ̀ ló sì máa ń tètè kú. Á tún máa dín ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ kù. Ìrora ni oníṣẹ́ tí ara ń rán sí wa, àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú á sì pa oníṣẹ́ náà sọ́nà. Ènìyàn á gbọgbẹ́, kò ní mọ̀. Ọgbẹ́ náà kò sì ní tètè jinná, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó tọ́jú rẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa, kòkòrò sì ń gbádùn ṣúgà tó wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ bàtà kí n tó wo ẹsẹ̀, tí mo ń wo àárín ọmọ ìka kí n tó wo àtẹ́lẹsẹ̀, kí n tó wá la ẹnu sọ̀rọ̀. Mátírọ̀n ní, "Ojú rẹ ni kó kọ́kọ́ kàwé, kí ẹnu rẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni." Ọjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀kì mi padà. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Ibafo, ilé tuntun ti ń kún Magboro tó wà nítòsí rẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ti ní géètì àti mẹ́gáàdì tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àpèjúwe tí mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Gaàrí, búrẹ́dì, ìrẹsì, iṣu, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣúgà náà kì í ṣe ọ̀tá, agbára tí a fi ń ṣiṣẹ́ ni. Ó dà bí àlejò tó fẹ́ wọ àdúgbò. Mẹ́gáàdì tó ń ṣí géètì fún un ni omi ara kan tí à ń pè ní ínsúlíìnì, ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn ló sì ń pèsè rẹ̀. Lára àwọn kan, pàápàá àwọn ọmọdé, mẹ́gáàdì kò sí rárá, àfi kí a máa fi abẹ́rẹ́ fún wọn ní ínsúlíìnì lójoojúmọ́. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, mẹ́gáàdì wà, géètì ló dípẹtà. Ohun tó ń mú un dípẹtà ni ọ̀rá tó pọ̀ níkùn, àìfi ẹsẹ̀ rìn, ọjọ́ orí, àti ohun tí a jogún nínú ìdílé. Mẹ́gáàdì á máa fi agbára tì í títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn àlejò á wá há sójú títì, wọn á sì máa ba nǹkan jẹ́ níta: ojú, kíndìnrín, ọkàn, ẹsẹ̀.

Ìyá kan dìde lọ́jọ́ kan. "Tíṣà, èmi kì í mu tíì láyé mi. Báwo ni ṣúgà ṣe mọ ilé mi?"

"Èbà ńkọ́, mà?"

"Èbà kẹ̀? Ṣé èbà dùn ni?"

"Kò dùn lẹ́nu lóòótọ́, mà. Àmọ́ ṣúgà ni ara mọ̀ ọ́n sí."

Bàbá kan ní òun ti rí ojútùú: omi ewúro, nítorí kíkorò máa ń lé dídùn. Mo bi í pé bí a bá da omi ewúro sínú agolo mílíìkì dídùn, ṣé ṣúgà inú rẹ̀ á sá jáde ni? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa jẹ ewúro rẹ̀ lọ, ẹ̀fọ́ dáadáa ni, àmọ́ kó má fi rọ́pò oògùn. Àwọn mìíràn rò pé àwọn aráyé ló fi àtọ̀gbẹ ṣe àwọn. Àwọn mìíràn ń ki ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n bọ omi gbígbóná, omi á bó ẹsẹ̀ náà, wọn ò sì ní mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn mìíràn ń gbààwẹ̀ lórí oògùn láìbi dókítà, òógùn tútù á bò wọ́n, wọn á máa gbọ̀n, nítorí ṣúgà ti lọlẹ̀ jù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí kò ní padà wá lọ́la, ẹni tí kò bá sì padà wá, a kò lè ràn án lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ ń yí padà ní gbogbo àkókò yìí. Ìgò àti iná lọ, bébà pẹlẹbẹ tí a ń tì bọ ìtọ̀ dé. Bébà lọ, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ẹ̀jẹ̀ dé: ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣá orí ìka, ẹ̀jẹ̀ kán, nọ́ńbà yọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ó mú ìwà tuntun wá. Àwọn aláìsàn wá ń ṣe bí ọmọ ilé ìwé tó gba èsì ìdánwò. "Èló lẹ gbà lónìí?" "Mo borí yín!" Mo máa ń sọ fún wọn pé bí ara ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kan ni nọ́ńbà náà ń sọ, pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà tó lè sọ bó ti rí láti bí oṣù mẹ́ta. Wọn a ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká yọ̀ díẹ̀." Òótọ́ ni, ayọ̀ náà dára. Àmọ́ ayọ̀ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ Ìyá Ṣadé.

Ìyá Ṣadé jẹ́ aránṣọ, ará Òṣogbo, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Lotto, àdúgbò kan lẹ́bàá Mowe. Mowe ni mo wà nígbà náà, iṣẹ́ mi sì ti ń parí lọ. Kò sí aláìsàn tó gbọ́ràn bíi tirẹ̀. Ó dín oúnjẹ kù, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀, kì í pa oògùn jẹ. Ẹnu rẹ̀ ni kò sinmi.

"Tíṣà, ṣòkòtò yín yìí, ta ló rán an?"

"Ẹnì kan ní Ibafo ni."

"Ẹ gbé e wá ká bá a wí. Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì."

Lọ́jọ́ kan nọ́ńbà rẹ̀ dára bíi ti ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rí. Ó jó yí gbogbo gbọ̀ngàn ká. Mo bá a yọ̀, mo ní kó máa bá a lọ bó ṣe ń ṣe é. Láti ọjọ́ náà, a ò rí i mọ́.

Nígbà tó pẹ́, mo lọ sí Lotto. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ, àwọn obìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń dúró gba aṣọ. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, àmọ́ mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ló fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ó fi àkísà àǹkárá we ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fà á sẹ́yìn sábẹ́ àga. Òórùn kan tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí òróró ẹ̀rọ kò lè bò. Mo dúró títí àwọn oníbàárà fi lọ.

"Ìyá Ṣadé, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yẹn?"

"Nǹkan kékeré ni. Abẹ́rẹ́ olórí tí a fi ń gún aṣọ mọ́ra ló gún mi. Ọmọ mi ló rí i nígbà tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ mi, ó ní, 'Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ nìyí.'"

"Oògùn yín ńkọ́?"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tíṣà, mo ti jẹ́rìí. Mo dúró síwájú gbogbo ìjọ, mo ní mo ti rí ìwòsàn àtọ̀gbẹ. Wọ́n dìde, wọ́n bá mi jó. Báwo ni mo ṣe tún fẹ́ máa gbé oògùn mì? Bí wọ́n bá rí mi lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Wọ́n á ní mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run."

Mo ní kó jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ náà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tú àkísà. Ojú egbò náà kò ju ẹyọ àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìka méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ẹsẹ̀ náà sì ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Kò tiẹ̀ dùn mí. Bó bá burú, ṣé kò ní dùn mí?"

"Àìdùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, mà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í we àkísà náà padà. 

"Ẹ̀rí yín kì í ṣe irọ́," mo ní. "Ṣúgà yín wálẹ̀ lóòótọ́, mo wà níbẹ̀. Àmọ́ oògùn àti ìṣọ́ra yín ló gbé e wálẹ̀, tí wọ́n sì dì í mú síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ló tún gòkè. Bí a ò bá lọ sílé ìwòsàn lónìí, ẹsẹ̀ yìí lè lọ, ó sì lè ju ẹsẹ̀ lọ. Ṣé kí n bá Pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀?"

"Ẹ fẹ́ dójú tì mí."

"Ìtìjú á kọjá, mà. Ẹsẹ̀ tó bá lọ ni kò ní padà."

Ó ká aṣọ tó ń rán kúrò lórí ẹ̀rọ. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Ẹ pè é. Àmọ́ kó má mú ẹnikẹ́ni dání."

Pásítọ̀ nìkan ló wá lóòótọ́. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ìyá Ṣadé, ta ló ní kí ẹ jáwọ́ nínú oògùn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Ojú ayé ni, Pásítọ̀. Ẹni tí wọ́n ti bá jó, báwo ló ṣe máa padà sídìí oògùn?"

Pásítọ̀ kò wàásù. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà lè gun orí rẹ̀, ó sì gbé wa lọ sílé ìwòsàn ńlá. Àwọn dókítà gé ọmọ ìka méjèèjì. Wọ́n ní bí ó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, orúnkún ni àwọn ìbá ti gé e. Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣẹ́ kù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a.

Nígbà tó padà sílé, a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ lára ni mo ní kó tẹ́ sílẹ̀ lálaalẹ́, kó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè rẹ̀, kó sì wò ó. Kó fọ ẹsẹ̀, kó nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Kó má rin ìrìn ẹsẹ̀ lásán, nínú ilé pàápàá. Bàtà tó bo iwájú ni kó máa wọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti kíndìnrín rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kó sì ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó tún kọ́ bí a ṣe ń gún ara ẹni ní ínsúlíìnì. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ, mi ò mọ̀ pé yóò kan èmi náà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí nìyí: sísọ ohun tí àìsàn jẹ́ ni apá tó rọrùn. Ohun tó le ni kí ẹ mọ ìdí tí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kò fi ní ṣe é. Ìdí náà kì í sábà wà nínú ìwé. Ẹ ó lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì dúró títí àwọn oníbàárà á fi lọ.

Ìyá Ṣadé sọ fún Pásítọ̀ pé òun fẹ́ jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kejì. Pásítọ̀ ní kò pọn dandan, kó sinmi. Ìyá Ṣadé ní, "Gbangba ni mo ti sọ èyí àkọ́kọ́, sà. Gbangba ni màá ti parí rẹ̀." Wọ́n pè mí, mo sì jókòó sẹ́yìn, nítorí ìjọ mìíràn ni mo ń lọ.

Ó rìn lọ síwájú, ó tiro díẹ̀, ó gba gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ará, mo sọ fún yín pé Ọlọ́run wò mí sàn. Mi ò sọ fún yín pé oògùn wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Nítorí pé ẹ bá mi jó, ojú tì mí láti tún lò ó. Ọmọ ìka mi méjì wà nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ mi wà níbí. Mo ti gún abẹ́rẹ́ mi láàárọ̀ yìí, màá tún gún un lálẹ́, Ọlọ́run kan náà ni mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó jó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó dá gbohùngbohùn padà, ó sì lọ jókòó, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Mo rò pé ó ti kùnà.

Lẹ́yìn ìsìn, mo jáde sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà, láti gba afẹ́fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́ ènìyàn síjòókòó tẹ̀ lé mi, bàbá gíga kan tó wọ ibọ̀wọ́ funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sún mọ́ mi.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Èmi náà ti jẹ́rìí bíi ti Ìyá Ṣadé."

"Ìgbà wo lẹ lo oògùn kẹ́yìn, sà?"

Kó tó dáhùn, ó yíjú wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Àwọn ènìyàn ti tò sẹ́yìn rẹ̀ lára ògiri, olúkúlùkù ń wo ilẹ̀, bí ẹni pé wọ́n kàn wá ṣèbòòji níbẹ̀ ni.